Ìpadàbọ̀ Sójú Agbo: Olórin Wo Ni Ó Padà Dé Ní Tòótọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bóyá ni iṣẹ́ kan wà tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ orin. Olórin tí gbogbo ìlú ń jó sí orin rẹ̀ lọ́dún yìí lè di ẹni tí a ń béèrè bóyá ó ṣì wà láyé ní ọdún mẹ́wàá sí i. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún gbé àwo orin kan jáde, kíá ni àwọn oníròyìn yóò kọ ọ́ pé ó ti padà dé. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti kọ, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìtàn, ó ń fẹ́ àyẹ̀wò. Láti ibo ni ó ti padà dé? Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kúrò, ọ̀dọ̀ ta ni ó sì padà sí?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré rárá. Bí ìwé bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé olórin kan ṣubú ní ọdún báyìí, tí ó sì dìde ní ọdún báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò gbà á gbọ́, yóò sì kọ ọ́ sínú ìdánwò. Àṣìṣe méjì ni ó sì wọ́pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé a máa ń kí ẹni tí kò kúrò nílé káàbọ̀. Èkejì, tí ó burú jù, ni pé ẹni tí ó sọnù ní tòótọ́ lè sọnù títí kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ̀, nítorí pé orin àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti bo ohùn tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú King Sunny Adé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àṣìṣe kìíní. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island Records gbé àwo kan tí wọ́n pè ní Juju Music jáde fún un. Bob Marley, ẹni tí ó jẹ́ ìràwọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ti jáde láyé ní 1981, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì ń wá ẹlòmíràn tí yóò gbé ohùn ènìyàn dúdú dé ọjà ayé. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Grammy. Aura jáde ní 1984, Stevie Wonder sì fun dùùrù àfẹnufọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọjà kò rí bí àwọn onílé-iṣẹ́ ti rò, àdéhùn wọn sì parí. Ó di 1998 kí àwo tí ó ń jẹ́ Odù tó tún gbé orúkọ rẹ̀ dé iwájú àwọn adájọ́ Grammy. Bí ènìyàn bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York tí ó ń ka ìtàn yìí, yóò rí ìdìde, ìṣubú àti ìpadàbọ̀, bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti Èkó, láti Ìbàdàn, tàbí láti Oǹdó. Kí Island tó mọ̀ ọ́n rárá ni ó ti ní ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀, Sunny Alade Records, láti àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tí àdéhùn òkè òkun parí, òde àríyá nílé kò parí. Ẹni tí ó fẹ́ sin òkú baba rẹ̀ tàbí kí ó ṣe ìwúyè kò lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó mọ olórin tí yóò pè. Ohun tí ó ṣubú ní àárín 1984 sí 1998 ni àkíyèsí àwọn àjèjì. Olórin náà kò ṣubú. Láti sọ pé Sunny Adé padà dé ní 1998 dà bí ìgbà tí àlejò bá sùn lọ lójú àwo oúnjẹ, tí ó jí, tí ó sì ń kí onílé pé ó kú àbọ̀.

Victor Ọláìyá fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ kò rí bákan náà. Nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ni òun àti 2Face Idibia jọ tún orin rẹ̀ àtijọ́ kan kọ, àwọn ọ̀dọ́ sì gbá a mú. Ọ̀pọ̀ pè é ní ìpadàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá yìí fi ń fun kàkàkí òyìnbó rẹ̀ ní Stadium Hotel tirẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ó wà ní ibi tí a fi í sí. Orin háílàìfù ni àwọn ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀, kì í ṣe òun ni ó kúrò nídìí háílàìfù.

Kí ni ó ń mú olórin kúrò lójú agbo gan-an? Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ pé ọtí ni, obìnrin ni, tàbí pé ayé ni ó ṣe é. Bí a bá wo ìtàn dáadáa, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ètò ọjà yí padà mọ́ olórin lọ́wọ́. Ogun Abẹ́lé ti 1967 sí 1970 lé ọ̀pọ̀ olórin háílàìfù tí ó jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn kúrò ní Èkó, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún jùjú. Àwo ńlá dé, ó lé àwo kékeré lọ. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, òde àríyá di ti alẹ́ mọ́jú, ẹgbẹ́ tí kò ní ènìyàn púpọ̀ àti ẹ̀rọ agbóhùnga ńlá kò lè bá wọn dù ú mọ́. Lẹ́yìn náà ni ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ìlú ń pè ní SAP dé ní 1986. Owó náírà já wálẹ̀, gìtá àti ẹ̀rọ tí à ń rà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì gba ìgboro kan, ẹni tí ó kọ orin kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá ni ó tipa báyìí gbé gìtá kọ́ ògiri láìsí pé ọwọ́ wọn rọ.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere ni Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, tí gbogbo ayé mọ̀ sí I. K. Dáíró. Ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1930, níbi tí baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ àwọn onírélùwéè. Baba yìí náà ni ó gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Dáíró ṣe gbàjámọ̀, ó ta aṣọ, ó sì bá àwọn olórin jùjú tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957. Ẹgbẹ́ yìí ni ó di Blue Spots lẹ́yìn náà. Ó mú akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú. Ó jẹ́ kí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wà ní àárín gbùngbùn orin. Ó kọrin ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n kò fi mọ ní Yorùbá nìkan, ó fi èdè àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà kọrin pẹ̀lú. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ohùn Dáíró jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè tuntun náà fi ń jó. Ní 1963 ni Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí bí àwọn orin Dáíró ti gùn tó. Kúkúrú ni wọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ sí i, nítorí ohun tí ojú kan àwo kékeré lè gbà nìyẹn. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò pa òwe, tí yóò kì ẹni tí ó fẹ́ kì, tí yóò sì parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọnà ni èyí. Àmọ́ nígbà tí àwo ńlá gba ọjà, Ebenezer Obey àti Sunny Adé kọ́ bí a ṣe ń fi orin kan kún ojú àwo kan láìdánu dúró, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò máa dá ara wọn lóhùn, olówó tí wọ́n ń kì yóò sì ní àyè láti jó dé iwájú, kí ó lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, kí ó tún jó padà. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni owó epo ń fẹ́. Dáíró kò gbàgbé orin kíkọ. Ilé tí ó kọ́ orin rẹ̀ sí ni wọ́n wó.

Ní 1969, òun àti Harúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àpàlà, jọ dá ilé-iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ oògùn ojú rẹ̀. Ìgboyà ńlá ni èyí jẹ́ ní ìgbà náà, ó sì yẹ kí á máa kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ju bí a ti ń ṣe lọ. Síbẹ̀, bí àwọn ọdún 1970 ti ń gorí ara wọn, a kò rí Dáíró lójú agbo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń bójú tó òwò ilé ìtura, ó sì fara jin iṣẹ́ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ẹni bá rí i nígbà náà kò ní rí i bí ẹni tí ayé ti pa tì. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó níyì. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olórin, ó ti kúrò.

Ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn aláwọ̀ funfun tí Sunny Adé ti fi orin jùjú hàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá orísun orin náà, ìwákiri yìí sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Dáíró. Ó tún kó Blue Spots jọ. Àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ashiko jáde ní Amẹ́ríkà ní 1994. Láàárín 1994 sí 1995 ó wà ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní orin. Ní oṣù kejì ọdún 1996, ó jáde láyé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Ṣé ìpadàbọ̀ ni èyí? Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣòro láti bá wọn gbà á tán. Pé ó ṣe iṣẹ́ tuntun, òótọ́ ni, èyí sì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbo tí ó pè é kì í ṣe agbo tí ó ti kúrò. Ní ọdún wọ̀nyẹn, nílé níbí, fújì ni ó gba ìgboro, àwo Ace tí Shina Peters gbé jáde ní 1989 sì ti sọ jùjú fúnra rẹ̀ di nǹkan mìíràn lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́. Orin Dáíró tí a ń gbọ́ ní rédíò nílé ni àwọn ti àtijọ́, irú Salome, èyí tí a ń fi ṣe ìrántí ayé àná. Ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún nítorí ohun tí ó ṣe ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti gba ọlá, kò sì sí àléébù nínú ọlá. Ìpadàbọ̀ a máa béèrè ohun kan sí i: kí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ àwọn ènìyàn tirẹ̀ lára. Ìdajì ọ̀nà ni Dáíró dé kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ìdajì kejì, ọmọ rẹ̀ ni ó rìn ín. Láàárín ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Paul Dáíró, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Paul Play, tún orin baba rẹ̀, Mo Ṣorire, kọ ní ìlànà ìgbàlódé, àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí Blue Spots ń jó Èkó sì ń kọ ọ́ kiri. Bákan náà ni ti Harúnà Ìṣọ̀lá. Ó kú ní 1983. Ọdún 2000 ni ọmọ rẹ̀ Músílíù gbé Ṣọyọyọ jáde, àpàlà sì tún di orin tí a ń jó sí níbi ìgbéyàwó. Inú ẹni dùn sí i. Àmọ́ orin ni ó padà, olórin kò padà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń dà wá lójú rú. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde ní 2021, gbogbo ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹni tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980. Àwọn kan sọ pé Àyìnlá ti padà dé. Òkú kì í padà sójú agbo. Àwa ni a padà sọ́dọ̀ rẹ̀, èyí kò sì ná an ní òógùn kankan. Olórin tí ó wà láàyè, tí ara ti ń di ara àgbà, tí ìka ti ń le, tí ó ní láti dìde dúró níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, òun ni ó ń náwó nǹkan.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar.

Ọmọ Ẹdẹ ni. Wọ́n bí i ní 1927, Ọláyíwọlá Fàtáì Ọlágúnjú ni orúkọ rẹ̀. Ní 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá J. O. Àràbà ṣeré. Agídìgbo ni ó fi mọ orin, àpótí onígi tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́, tí a ń fi ìka ta, tí olùta rẹ̀ tún lè máa fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ bí ìlù. Ẹni tí ó bá gbọ́ agídìgbo dáadáa yóò rí i pé kò jìnnà sí ohun tí gìtá ń ṣe nínú jùjú lẹ́yìn náà, ó ń kọrin, ó sì ń lùlù lẹ́ẹ̀kan náà. Fàtáì gbé ìmọ̀ yìí lọ sórí gìtá. Ní 1957, ọdún kan náà tí Dáíró dá Morning Star sílẹ̀, Fàtáì dá ẹgbẹ́ African Rhythm Band sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àwo kékeré lóríṣiríṣi fún ilé-iṣẹ́ Philips.

Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ebenezer Obey wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá International Brothers tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Orlando Julius náà gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí orin Obey ń dún ní gbogbo ilé olówó ní àwọn ọdún 1970, ọwọ́ Fàtáì wà nínú orin náà, ẹnikẹ́ni kò sì rí ọwọ́ náà. Yorùbá máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nínú iṣẹ́ orin, ó ṣeé ṣe kí ọmọ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọ̀nà yóò fi gbàgbé ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìrìn. Ọ̀dọ́ tí a bá béèrè Fàtáì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1985 yóò béèrè pé Fàtáì wo. Kò sí àwo tuntun, kò sí òde. Kò sí ilé-iṣẹ́ àjèjì kan tí ó já a sílẹ̀, tí àwọn oníròyìn ìbá fi kọ ọ́ pé ó ti ṣubú. Ó kàn kúrò lójú ni.

Ìgbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ni ó tún yọ. Orin tí ó gbé e yọ ni Wọ́n Kéré Sí Nọ́ńbà Wa. Ẹ wo ohun tí orúkọ orin náà ń sọ: àgbàlagbà tí ayé ti gbàgbé dìde, kò wá bẹ̀bẹ̀, kò wá sunkún ayé àtijọ́, ó ní àwọn tó kù kéré sí ìpele òun. Orin ìyangàn ni. Bí ọ̀dọ́ bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀, a ó ní ẹnu rẹ̀ tóbi. Nígbà tí ẹni tí ó kọ́ Obey níṣẹ́ bá kọ ọ́, ó di ẹ̀rí ẹjọ́. Ohùn rẹ̀ ti le, ó sì fi líle ohùn náà ṣe ọ̀ṣọ́ dípò kí ó fi pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lórí gìtá ṣì mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ agídìgbo ń kọ orin náà ní ìgboro, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rò pé olórin tuntun ni bàbá náà.

Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò gba Fàtáì nítorí ìrántí, nítorí wọn kò ní ohun tí wọn yóò rántí. Àwo rẹ̀ ti 1957 kò sí ní ilé baba wọn. Orin tuntun ni wọ́n gbà, lẹ́nu ẹni tí ó wà láàyè, nítorí pé ó dùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á tán ni àwọn kan tó wádìí ẹni tí ó jẹ́. Ọlá a máa bẹ̀rẹ̀ láti àná wá sí òní. Ti Fàtáì bẹ̀rẹ̀ láti òní, ó sì padà lọ tan iná sí àná.

Ẹnìkan lè sọ pé òṣùwọ̀n yìí le jù, pé bí a bá fi wọn àwọn olórin, díẹ̀ ni yóò yege. Òótọ́ ni. Orlando Julius, ọmọ iṣẹ́ Fàtáì kan náà, jẹ́ ìdánwò tí ó ṣòro. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, wọ́n bí i ní 1943. Ìbàdàn ni òun àti ẹgbẹ́ Modern Aces ti gbajúmọ̀, àwo wọn, Super Afro Soul, sì jáde ní 1966, níbi tí ó ti pa háílàìfù pọ̀ mọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kí ariwo Afrobeat tó gba ayé. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974, ó bá Hugh Masekela ṣiṣẹ́, ó sì padà sílé ní 1998. Padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni; sójú agbo ńkọ́? Àwọn àjèjì tún àwo rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀, èyí tí kò ju kí á nu eruku ara ìwé lọ. Ní 2014, òun àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ṣe Jaiyede Afro ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé e kiri orí ìtàgé ní Yúróòpù nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ tuntun ni, ohùn rẹ̀ àti sakisofóònù rẹ̀ sì wà níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń jó sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù àti Paris ni wọ́n pọ̀ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Dáíró, síbẹ̀ ó sàn díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe olùkọ́ ni wọ́n pè é wá ṣe, olórin ni. Ó jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Bí ẹnìkan bá sọ pé ó padà dé, a kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń fi àwọn àgbà olórin Èkó wé àwọn ti Kúbà, níbi tí wọ́n ti kó àwọn arúgbó jọ ní Havana ní 1996 láti ṣe àwo Buena Vista Social Club, tí ó jáde ní 1997. Ibrahim Ferrer, tí bàtà ni ó ń nù kí wọ́n tó pè é wọlé, àti Rubén González, atẹdùùrù tí wọ́n bí ní 1919, di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Àfiwé náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orin àtijọ́ ni wọ́n kọ jù níbẹ̀, àwọn ará òkè òkun ni ó sì kọ́kọ́ sáré rà á. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Kúnlé Tẹ́júoṣó, onílé ìtàwé àti àwo orin Jazzhole ní Ìkòyí, ni ó ń wá àwọn àgbà olórin kiri Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Fàájì Àgbà. Fàtáì wà níbẹ̀, Alàbá Pedro onígìtá wà níbẹ̀, S. F. Olówóòkéré náà sì wà níbẹ̀. Ní 2011 wọ́n ṣeré ní New York.

Rẹ̀mí Vaughan-Richards ń tẹ̀lé wọn fún ọdún púpọ̀, ó ń ya ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2013, Fàtáì Rolling Dollar kú ní ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin. Fíìmù náà, Faaji Agba, jáde ní 2015.